Ẹ ṣọ́ra o, wọ́n ń ta táyà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ará Oǹdó, Ìdànrè, Ọ̀wọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi mọ́tò jẹun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí tán kẹ́ ẹ tó náwó lórí táyà. Ọkùnrin kan wà lójú ọ̀nà tó jáde sí Oǹdó tó ń ta táyà tókùnbọ̀ tó máa ń pè ní "bí tuntun", mi ò ní dárúkọ ẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ọgbọ́n tó ń dá, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń dá a, ẹ sì lè pàdé irú ẹ̀ níbikíbi nínú ìlú.

Àbúrò mi ló ra táyà mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ̀ fún Hiace tó fi ń kó èrò láti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀rẹ̀. Táyà dúdú, ó ń dán, eyín ẹ̀ jìn dáadáa, ọkùnrin yẹn sì búra pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó ni, pé kò tíì fọwọ́ kan títì Nàìjíríà rí. Kò pẹ́ rárá, wọ́n ti kọjá Oǹdó, táyà ẹ̀yìn kan bẹ́ lórí eré, ọkọ̀ yà wọ igbó. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ ìyá kan tó ń lọ sọ́jà fọwọ́ ṣẹ́, dírẹ́bà náà ò sì tíì lè sùn dáadáa di bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Nígbà tá a gbé mẹ́ta tó kù lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà, tó tú wọn kúrò lórí rììmù, ohun tá a rí ló jẹ́ kí n máa kọ̀wé yìí. Wáyà ti ń yọjú ní ìsàlẹ̀ ìlà méjì. Wọ́n ti fi nǹkan ha déètì kúrò lára ọ̀kan. Ọ̀kan tó ṣì ní déètì, 3412 ló wà lára ẹ̀. Àti pé táyà mọ́tò kékeré ni gbogbo wọn, wọ́n wá fi í sábẹ́ bọ́ọ̀sì èrò!

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gbígbẹ́ yẹn ná, torí òun ló ń tan èèyàn jẹ jù. Táyà tó ti jẹ tán, tó ti ń yọ̀, wọ́n á mú ọ̀bẹ tàbí irin gbígbóná, wọ́n á fi fa ìlà tuntun sójú ẹ̀ kó lè dà bíi pé eyín ẹ̀ ṣì jìn, wọ́n á wá fi pólíìṣì dúdú kùn ún. Rọ́bà tí wọ́n ń gbẹ́ kúrò yẹn kì í ṣe eyín mọ́ o, rọ́bà tó bo wáyà inú ẹ̀ ni. Omi òjò á máa wọ ibẹ̀, wáyà á dípẹtà, tí ọkọ̀ bá wá sáré pẹ̀lú ẹrù tí gbogbo ẹ̀ gbóná, ojú táyà á ṣí kúrò lára wáyà, ó parí nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n ò le. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ máa rí TWI tí wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí àmì onígun mẹ́ta kékeré, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé e lọ sójú táyà, ẹ máa rí rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó ga díẹ̀ nísàlẹ̀ ìlà. Mílímítà 1.6 ni gíga ẹ̀, tí eyín táyà bá ti jẹ débi tó bá a dọ́gba, táyà yẹn ti kú. Èyí tí wọ́n bá fọ̀bẹ gbẹ́, ọ̀bẹ á ti gé rọ́bà kékeré yẹn kúrò tàbí kó gé e jágbajàgba, ìlà á jìn níbì kan á sì fẹ́lẹ́ níbòmíì, etí ẹ̀ á sì mú bí ẹ bá fi ìka fà á. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nu ún pẹ̀lú, tí pólíìṣì bá ti kúrò ẹ máa rí gbogbo ìsán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni pé táyà tírélà kan wà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ REGROOVABLE sí lára, ìyẹn ní rọ́bà tó pọ̀ lábẹ́ tí wọ́n lè gbẹ́. Ti mọ́tò kékeré àti bọ́ọ̀sì kékeré bíi Hiace kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti tírélà bò yín lójú.

Déètì náà wá ńkọ́. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ wò, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó kù jẹ́ ọdún, bí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 nìyẹn, 3412 tá a rí lára ti àbúrò mi sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 34 ọdún 2012. Ọdún 4 sígbà tí wọ́n ṣe é ni FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, máa ń sọ pé kéèyàn yọ táyà kúrò ní Nàìjíríà níbí, kódà kó má tíì rìn rárá, torí rọ́bà ń gbó nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì ti rí bí wọ́n ṣe ń tò ó síta tí oòrùn ń pa á láti àárọ̀ dalẹ́. Ibi tí ọkùnrin tó ń ta táyà yìí ti gbọ́n jù nìyí o: ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ táyà ti máa ń ní déètì tó pé, kò sí ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó máa ń yí ẹ̀gbẹ́ tó ní déètì sínú nígbà tó bá ń wọ̀ ọ́ sí rììmù, tẹ́ ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ wò ó níta, ẹ ò ní rí nǹkan kan, á ní "irú èyí kì í ní déètì". Irọ́ ni. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó tó gbé e kan rììmù, tí wọ́n bá sì ti ha ibẹ̀ tí kò sí nọ́mbà, ẹ máa lọ ilé yín.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ni ọ̀pọ̀ wa ò kì í bèèrè, òun ló sì dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn sáìsì táyà, nọ́mbà kan wà pẹ̀lú lẹ́tà kan. Bí ẹ bá rí 195/65R15 91H, 91 yẹn ló ń sọ ẹrù tí táyà kan lè gbé, kílò 615 ni. H ń sọ eré tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kìlómítà 210 ní wákàtí kan. Fún Corolla, kò sí wàhálà. Àmọ́ bọ́ọ̀sì ní táyà tiẹ̀, C máa wà lẹ́yìn sáìsì, bíi 195/70R15C 104/102R. 104 jẹ́ kílò 900 fún táyà kan tó dá wà, 102 jẹ́ kílò 850 tí táyà bá jẹ́ méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rììmù 15 ni méjèèjì, ìyẹn ni wọ́n ń lò láti fi rẹ́ni jẹ, "ọ̀gá, fífítíìn náà ni, á wọ̀ ọ́". Ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Hiace lófìfo máa ń wọn nǹkan bíi kílò 1,900. Ẹ kó èrò 14 àti dírẹ́bà sí i, ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 70, 1,050 nìyẹn, ó ti di 2,950. Táyà 91 mẹ́rin, 2,460 ni gbogbo agbára wọn. Ó ti kọjá kí wọ́n tó gbé iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gàrí síbẹ̀, ẹ sì mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń gbé ẹrù ọjọ́ ọjà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló tún ń gba èyí tó pọ̀ jù. Táyà 104 mẹ́rin á gbé 3,600, ìdí nìyẹn tí C fi wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó sìmẹ́ńtì náà, àpò 20 ti jẹ́ tọ́ọ̀nù kan gbáko, ẹ má fojú kéré ẹ̀ torí pé ó wà nílẹ̀ kékeré. Àti pé táyà nìkan kọ́ ló ń sọ ibi tí ẹrù máa dé, férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà tàbí ìwé mọ́tò máa sọ iye tí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ lè gbé, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Gbogbo nọ́mbà yìí sì wà fún táyà tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ pé. Afẹ́fẹ́ kékeré, ẹrù ńlá, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀ á máa nà, á gbóná títí á fi bẹ́. Ẹ wọn ọ́n láàárọ̀ kí mọ́tò tó rìn, ẹ lo nọ́mbà tó wà lára férémù ilẹ̀kùn, èyí tí wọ́n kọ MAX sí lára táyà kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa fún un, ibi tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ni.

Kì í ṣe tókùnbọ̀ nìkan o. Ẹ tún ṣọ́ táyà tuntun tí wọ́n ki bọ inú ara wọn, mẹ́ta mẹ́rin, kí wọ́n lè kó púpọ̀ wá nínú kọ̀nténà. SON, àjọ ìjọba tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò, ti gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọlé lọ́pọ̀ ìgbà. Wáyà etí táyà á ti tẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i pé etí ẹ̀ ò yí po dáadáa, tàbí inú ẹ̀ ká, ẹ fi í sílẹ̀. Táyà tókùnbọ̀ mọ́tò kékeré fúnra ẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù ti fi sínú ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ kó wọ Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó ń sọ fún yín pé ọjà òun "já ní pọ́ọ̀tù" kò ní ìwé kankan tó máa fi hàn yín. Kì í sì í ṣe ọkọ̀ jákujàku nìkan ni táyà ń pa: lọ́dún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, táyà ẹ̀yìn ló bẹ́.

Nígbà tá a padà lọ bá ọkùnrin yẹn, ó ní àwa la gbé ẹrù púpọ̀, pé ọjà tí wọ́n bá ti rà kì í padà. Kò kọ rìsíìtì tó ní sáìsì tàbí nọ́mbà kankan nínú, "táyà 4" ló kọ. Ẹ má gba irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó kọ sáìsì, nọ́mbà ẹrù àti déètì táyà kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹni tí ọjà ẹ̀ mọ́ á kọ ọ́. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, fún ẹni tó rajà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó léwu padà, a ti kó táyà mẹ́ta yẹn àti fọ́tò wọn pamọ́ fún ẹjọ́ tá a fẹ́ gbé lọ sọ́dọ̀ àjọ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra táyà "bí tuntun" lójú ọ̀nà yẹn, ẹ má fi rin ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ tàbí Iléṣà mọ́ títí fọ́kanáísà tẹ́ ẹ fọkàn tán á fi tú u wò nínú àti níta. Ẹ ya fọ́tò déètì àti ibi tí wọ́n gbẹ́ kẹ́ ẹ tó jù ú nù, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, bá a bá pọ̀ tá a jọ lọ, wọ́n á gbọ́ tiwa. Ẹ sì gé táyà yẹn sí méjì kẹ́ ẹ tó jù ú nù, torí wọ́n ń lọ ṣà á padà.