Ọdẹ tó ń mú ejò láàyè ní Kétu: iṣẹ́ rẹ̀ dára, òkúta dúdú rẹ̀ ni mi ò fẹ́

Ọdẹ kan wà ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó jẹ́ pé iṣẹ́ mímú ejò nínú ilé onílé ló gbájú mọ́ báyìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ torí mi ò gbàṣẹ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá béèrè ọdẹ tó ń mú ejò láàyè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ìlú, wọn á júwe rẹ̀ fún yín. Mo ti gbé iṣẹ́ fún un, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun náà ni màá tún ké sí. Ohun kan péré ló ń tà tí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rà lọ́wọ́ rẹ̀, màá débẹ̀.

Adìẹ ni mò ń sìn, mo sì ń ta àgbàdo. Ẹni tó bá ń ṣe méjèèjì nínú ọgbà kan náà mọ̀ pé eku ò ní jìnnà, ibi tí eku bá sì pọ̀ sí, ejò ń bọ̀ wá jẹun níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, àwọn adìẹ bá figbe ta. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Sèbé ni, ó ká jọ sẹ́yìn ọpọ́n omi wọn. Àbúrò ọkọ mi ti gbé ọkọ́, Màmá sì jágbe mọ́ ọn: "Ìwọ ọmọ yìí, sọ ọkọ́ yẹn sílẹ̀! Ojú èèyàn ló máa ń tutọ́ sí!"

Mo pe ọdẹ náà, ó gbé e. Kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó rárá. "Ẹ kú alẹ́ o, Màmá. Ṣé ẹ ṣì ń rí i? Kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣọ́ ọ láti òkèèrè, kí ẹ kó àwọn ọmọ wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sọ òkò sí i." Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì, torí ejò tí ojú bá kúrò lára rẹ̀ ti di àwátì nìyẹn, tí gbogbo ilé ò sì ní lè sùn mọ́jú.

Nígbà tó dé, mo wo ohun tó kó dání dáadáa. Bọ́ọ̀tù rọ́bà tó dé orúnkún wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wọ dígí tí àwọn wẹ́dà ń lò, èyí tó bo ojú títí kan ẹ̀gbẹ́. Ó mú irin gígùn kan tí wọ́n tẹ̀ lórí bí ìwọ̀, àti dúrọ́ọ̀mù rọ́bà tí ìdérí rẹ̀ ń yí pinpin. Kò sí àdá lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ìbọn.

Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ilé adìẹ ni sèbé náà nà ró, ó fẹ ọrùn, mo sì rí àmì pupa tó wà níwájú ọ̀fun rẹ̀ kedere. Ó tutọ́. Oró náà tò wínníwínní sára dígí ọkùnrin náà, bẹ́ẹ̀ àárín wọn lé ní mítà kan dáadáa. Kò sá, kò sì bínú. Ó gbé dúrọ́ọ̀mù náà dùbúlẹ̀ sí ìdí ògiri, ó da àpò bò ó kí inú rẹ̀ lè ṣókùnkùn, ó wá ń fi irin tọ́ ejò náà nírù jẹ́jẹ́, díẹ̀díẹ̀. Ejò ọ̀hún bojú wo ọ̀tún, ó bojú wo òsì, ló bá fúnra rẹ̀ wọ́ wọnú dúrọ́ọ̀mù. Ọdẹ náà fi irin gbé dúrọ́ọ̀mù dìde, ó yí ìdérí pa. Ó ní ejò tí wọ́n ń lé kò wá ìjà, ihò tó ṣókùnkùn ló ń wá, ẹni tó bá ti fún un ní ihò ti borí.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà ló ń gbà lọ́sàn-án, ó gba ẹgbẹ̀rún méje lọ́wọ́ mi torí pé alẹ́ ni. Àwọn kan á ní ó wọ́n. Àwọn ará ilé kejì ti ra káńfọ̀ àti ìyẹ̀fun imí ọjọ́ lọ́jà tẹ́lẹ̀, wọ́n dà á yí ọgbà wọn ká, gbogbo àdúgbò ń rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ipa ejò náà nínú ẹrẹ̀ gba orí ìyẹ̀fun náà kọjá wá sọ́dọ̀ tiwa. Káńfọ̀ kì í lé ejò. Owó ìyẹn ló ṣòfò.

Ibi tí owó ti tọ́ sí ọkùnrin yìí jù lọ ni ohun tó ṣe lẹ́yìn tó mú ejò tán. Ó ní ká tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì bá wa yí ọgbà po. Igi ìdáná tí a tò mọ́ ògiri ilé ìdáná, ó ní ká kó o jìnnà sílé, ká sì gbé e lé orí bíríkì kó má fara kanlẹ̀. Ó fi ihò eku hàn wá lábẹ́ àká àgbàdo, ó na ìka sí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní bí ìka bá lè wọ̀ ọ́, ejò kékeré á wọ̀ ọ́. Nẹ́ẹ̀tì ilé adìẹ wa gan-an, ihò rẹ̀ fẹ̀ jù. A ti pààrọ̀ rẹ̀ sí oníhò wẹ́wẹ́, oúnjẹ adìẹ ti wà nínú garawa olómorí, a sì ti ro gbogbo ẹ̀yìnkùlé títí dé ìdí ọgbà. Eku ti dín kù débi pé ológbò Màmá ń kiri ilé onílé báyìí.

Ó tún kọ́ àwọn ọmọ wa pé paramọ́lẹ̀ kì í sá bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Ó kúrú, ó sanra, àwọ̀ rẹ̀ bá ewé gbígbẹ mu, á kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, tọ́ọ̀ṣì àti bàtà lálẹ́, kódà bó jẹ́ ilé ìyàgbẹ́ ni èèyàn ń lọ. Orí ejò tí wọ́n bá gé sọnù, kí ọmọ má fọwọ́ kàn án, ó ṣì lè bu èèyàn jẹ. Erè kékeré tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ róbótó, irú èyí tí wọ́n ń bọ ní ìlú Ouidah, kò lóró, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Òkúta dúdú ńkọ́? Bó ṣe ń múra àtilọ ló yọ ọ́ lápò, ó ní bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́. Mo dá a padà. Egungun màlúù tí wọ́n sun ni, kò lè fa oró tó ti wọ ara jáde. Ìjókòó tí aláìsàn á jókòó sílé máa retí rẹ̀ ló ń pa á. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ara tó wú. Ẹ má so okùn mọ́ ọn, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fẹnu fà á. Ẹ fi igi àti aṣọ di ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kó má mira, ẹ má jẹ́ kó rìn. Bó bá jẹ́ zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, lẹ rí, kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kó wà láàárín. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, torí oró àwọn kan kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ejò bá tutọ́ síni lójú, omi tó mọ́, tó pọ̀, ni kẹ́ ẹ máa dà sí i, kẹ́ ẹ sì máa lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ pe ilé ìwòsàn kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ béèrè bóyá abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò wà nílẹ̀, torí ó wọ́n, kì í sì í sí níbi gbogbo. Láti 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí wọ́n pa tì. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tín-ínrín, tí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ ní sùúrù: wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń dì ni, ìyẹn ló máa sọ ohun tí oró náà ń ṣe.

Ẹjọ́ kejì tí mo bá ọdẹ náà rò ni ibi tó ń tú ejò sí. Ó ní inú igbó ni. Mo ní igbó ta ni, ṣé kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ oko ẹlòmíì? Ó gbà pé òun lè gbé e jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ owó epo á lé e. Mo fi ẹgbẹ̀rún kan lé e, ó sì gbà á. Ẹ̀yin náà, kẹ́ ẹ tó pa fóònù, ẹ bá a sọ owó epo yẹn mọ́ owó alẹ́.