Liquin fún ẹni tó ń fi ọ̀dà olóròóró lé orí akirílíìkì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi akirílíìkì, ọ̀dà olómi tó ń tètè gbẹ, kun ìsàlẹ̀ kánfáásì kẹ́ ẹ tó fi ọ̀dà olóròóró lé e, ẹ wá gbọ́ ti Liquin Original, ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà olóròóró kó lè tètè gbẹ, èyí tí Winsor & Newton ń ṣe, àwọn ará London tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti 1832. Ó dáa gan-an jàre.

Òróró linseed àti tọpẹntáìnì ni mo máa ń pò tẹ́lẹ̀, àmọ́ kó tó gbẹ eruku ọyẹ́ á ti lẹ̀ mọ́ ọn. Liquin ní alkyd nínú, irú oje àtọwọ́dá kan tó ń tètè gbẹ, ìyẹn ló ń jẹ́ kó yá, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́fà ọwọ́ ti lè kàn án, ó kù sọ́wọ́ àwọ̀ tẹ́ ẹ lò àti bó ṣe nípọn sí. Nínú ìgò ó máa ń dì bíi jẹ́lì, tí búrọ́ọ̀ṣì bá ti rò ó á wá rọ̀, ẹ sì tẹ́ ẹ sójú kánfáásì kò ní máa ṣàn wálẹ̀.

Ojú màmá àgbà kan ni mo fi dán an wò, funfun àti àwọ̀ eérú nìkan ni mo fi akirílíìkì kùn, ó gbẹ kíá, mo wá fi burnt sienna (àwọ̀ búráùn tó pọ́n díẹ̀) díẹ̀ po Liquin mo tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nígbà tó gbẹ mo fi alizarin (àwọ̀ pupa) lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀ bá rí i! Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú àwọ̀ kọjá, ó ń kan funfun ìsàlẹ̀, ó ń padà bọ̀, ara màmá wá ń tàn látinú. Jan van Eyck náà, ayàwòrán ayé àtijọ́ nílẹ̀ Yúróòpù, funfun ló wà nísàlẹ̀ tiẹ̀ ní nǹkan bí 1430 lọ́hùn-ún, òun ò sì ní akirílíìkì. Àwọn ọ̀dà tó ní cadmium nínú ò ṣeé lò fún èyí o, ìmọ́lẹ̀ ò lè gba inú wọn kọjá, ńṣe ni wọ́n máa bo gbogbo ẹ̀.

Akirílíìkì ìsàlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dán jù kí òróró lè ríbi dì mú, ẹ má sì fi akirílíìkì lé orí ọ̀dà olóròóró láé, á bó ni. Àwọn kan tún ń fi Liquin ṣe fáníìṣì, ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an ti ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣí wíńdò o, òórùn ẹ̀ le. Ẹ sì ṣọ́ àwọn tó ń tà á: ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó ta ìgò ńlá tó ti dì gbagidi fún mi, wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, irọ́ gbuu! Ẹ gbọn ìgò wò kẹ́ ẹ tó sanwó, 75ml ni kẹ́ ẹ sì rà, torí tẹ́ ẹ bá ti ṣí i afẹ́fẹ́ á máa gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.