Hámà Dírílì Lásán Tàbí Rótárì Hámà Oníwáyà: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Àtúnṣe Ilé?

Ihò mẹ́rin péré ni mo fẹ́ lu lókè fèrèsé kí n fi gbé irin kọ́tìnì kọ́. Hámà dírílì lásán ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fi gbogbo ara tì í, ó ń pariwo, ó ń gbọ̀n mí jìgìjìgì, orí bíìtì, irin ṣóńṣó tó ń lu ihò, gbóná títí ó fi dúdú, síbẹ̀ ihò àkọ́kọ́ kò jìn ju èékánná lọ. Ìtẹ́rígbà kọnkéré ni mo lọ bá wọ̀jà. Nígbà tí mo yá rótárì hámà lọ́wọ́ ẹnìkan, kí n tó ka ení dé ogún, ihò kan ti parí.

Ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun. Ẹ̀rọ méjèèjì jọra lójú, méjèèjì ń yí, méjèèjì sì ń gbá. Bí wọ́n ṣe ń gbá ni wọ́n fi yàtọ̀.

Nínú hámà dírílì lásán, àwo irin méjì tó ní eyín ló kojú síra wọn. Bí ẹ̀rọ bá ti ń yí, eyín á gun eyín, á tún já bọ́. Ìgbá yẹn lè ju 40,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lágbára ju kéèyàn fi ìka kan ilẹ̀kùn lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní láti fi èjìká tì í. Rótárì hámà ní tirẹ̀ ní písítìnì tó ń sáré lọ sáré bọ̀. Ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ náà á ju irin kan síwájú, irin yẹn á sì gbá ìdí bíìtì. Ìgbá rẹ̀ kò ju nǹkan bí 4,000 sí 5,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n bí òòlù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Ẹ má tì í. Ẹ kàn dì í mú kó dúró ṣinṣin, iṣẹ́ tó kù ti ẹ̀rọ ni.

Ẹnu wọn náà yàtọ̀. Ti hámà dírílì lásán máa ń di bíìtì rìbìtì mú, tí iṣẹ́ bá le, bíìtì á máa yọ̀ nínú rẹ̀. Rótárì hámà ń lo SDS, irú ẹnu kan tí ilé iṣẹ́ Bosch gbé jáde ní Jámánì ní 1975. Ẹ ó tì í bọ̀ ọ́, ẹ ó yí i díẹ̀, ó ti jókòó nìyẹn. Ti SDS-plus, tó wà lára àwọn tó bá iṣẹ́ ilé mu, ìdí bíìtì rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 10, ó sì ní ojú ihò gbọọrọ tí kì í jẹ́ kó yọ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé bíìtì yìí máa ń mì díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ. Fún pákó tó nílò ihò tó gún régé, hámà dírílì lásán dára jù ú lọ. Bíríkì oníhò inú pẹ̀lú: ìgbá líle máa ń fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dànù. Tí ẹ bá ti ní dírílì kan nílé, ẹ má tà á.

Rótárì hámà oníbátìrì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ń gbá lọ́nà kan náà, mo sì fẹ́ràn wọn lórí àkàbà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣá táìsì gbogbo ilé ìwẹ̀ kúrò, bátìrì á máa tán lójú iṣẹ́. Èyí tó ní wáyà kò ní sinmi àfi tí ẹ bá sinmi. Ti SDS-max, tí ìdí bíìtì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, ti ẹni tó fẹ́ fọ́ ilẹ̀ kọnkéré ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ní tèmi, rótárì hámà SDS-plus oníwáyà tó wúwo bíi kìló mẹ́ta, tó sì lè ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, ni kí ẹ rà: kó yí nìkan, kó yí kó tún gbá, kó gbá nìkan. Ẹ má gba oníṣẹ́ méjì. Gbígbá nìkan yẹn lẹ ó fi ki ṣísẹ̀lì bọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ ó fi ṣá táìsì àti sìmẹ́ńtì tó ti gbó, tẹ́ ẹ ó sì fi la ojú ọ̀nà fún wáyà iná lára ògiri.

Ẹ wo méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bosch GBH 2-26 DRE ní 800 wáàtì, agbára ìgbá rẹ̀ jẹ́ 2.7 júùlù, ó ń yí tó 900, ó sì ń gbá tó 4,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ihò tó fẹ̀ jù tó lè lu sínú kọnkéré jẹ́ mìlímítà 26. Makita HR2470 ní 780 wáàtì, ó ń yí tó 1,100, ó ń gbá tó 4,500, ihò tirẹ̀ ò sì ju mìlímítà 24 lọ. Méjèèjì ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Fún ihò sùkúrù, ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ gbé méjèèjì, ẹ na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ lu òrùlé kọnkéré, kí apá yín sọ èyí tó wù ú. Tí ẹ bá sì ń fi ẹ̀rọ mìíràn wéra, júùlù ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Wáàtì ń sọ iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, júùlù ló ń sọ bí ìgbá ṣe le tó.

Ẹ bèèrè kílọ́ọ̀ṣì ààbò pẹ̀lú. Tí bíìtì bá há mọ́ ọ̀pá irin nínú kọnkéré, kílọ́ọ̀ṣì ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ yí ọrùn ọwọ́ yín po. Síbẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ ìdìmú ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ láéláé. Eruku kọnkéré ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ gan-an, nítorí náà ẹ ra ìbòmú tó dáa àti awò ààbò pa pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà.

Lórí táìsì tí ẹ kò fẹ́ kó fọ́, ẹ pa ìgbá, ẹ fi bíìtì táìsì yí i wọlé jẹ́jẹ́. Ó dìgbà tó bá kan ògiri lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ bíìtì, kí ẹ sì tan ìgbá. Kí ẹ tó ki bíìtì SDS bọ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ nu ìdí rẹ̀, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á, bíi ìwọ̀n ẹ̀wà kan. Èyí tí wọn kì í pa ní gíríìsì máa ń jẹ ẹnu ẹ̀rọ títí yóò fi gbòòrò.