Ilé Iṣẹ́ Oníná-Ọkọ̀ Kan ní Kétu tí Kì í Gé Ààbò Jíà Dànù

Ilé iṣẹ́ náà kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú Kétu ní Benin, iná ọkọ̀ nìkan ni wọ́n sì ń tún ṣe níbẹ̀. Ọkọ̀ ọ́tò (èyí tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀) tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ni mo tìtorí rẹ̀ pè wọ́n wá sílé: jíà rẹ̀ há sí P (ìgúnlẹ̀), kò sì lọ sí R (ẹ̀yìn) tàbí D (iwájú), bó ti wù kí n tẹ bíréèkì tó.

Kí ọ̀gá náà tó tú ohunkóhun, ó ní kí n tẹ bíréèkì, ọmọṣẹ́ rẹ̀ sì lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ láti wò ó bóyá iná bíréèkì tàn. Kò tàn. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé irin kékeré kan ló máa ń dá ọ̀pá jíà dúró sí P, pé òòfà oníná ló sì ń fa irin náà kúrò lọ́nà nígbà tí a bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́ tí a sì tẹ bíréèkì. Súwíìṣì tí ó wà lẹ́yìn ibi tí a ń tẹ̀ ló ń tan iná ẹ̀yìn, òun náà ló sì ń sọ fún òòfà yìí pé ẹsẹ̀ ti wà lórí bíréèkì. Bí súwíìṣì náà bá kú, tàbí tí fíúùsì rẹ̀ bá jó, iná kò ní tàn, jíà kò sì ní kúrò lójú kan. Súwíìṣì ló kú nínú tèmi.

Oníṣẹ́ mìíràn ti kọ́kọ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí a yọ irin náà dànù pátápátá. Ọ̀gá yìí kọ̀ jálẹ̀: “Bàbá, ọmọdé ń wọ ọkọ̀ yìí, ẹ ò ní fẹ́ kí ó fa jíà kí ọkọ̀ yí lọ.” Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Òfin Amẹ́ríkà pàápàá sọ ààbò yìí di dandan fún ọkọ̀ ọ́tò tí wọ́n bá ṣe láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, bí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kò bá ju 4,536 kílò lọ.

Ọ̀gá náà yẹ kọ́kọ́rọ́ wò pẹ̀lú, nítorí pé nínú irú ọkọ̀ yìí okùn irin kan so ilé kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọ̀pá jíà, tí kọ́kọ́rọ́ kò fi ní yọ àfi tí jíà bá wà ní P. Ó fi ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ jíà hàn mí, èyí tí a lè ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ láti tú jíà sílẹ̀ bí ó bá há lójú ọ̀nà, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé kí n kọ́kọ́ fa bíréèkì ọwọ́.

Owó iṣẹ́ àti súwíìṣì jẹ́ 9,000 sẹ́fà, ó sì kó èyí tí ó kú lé mi lọ́wọ́. Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú ni pé Kútọnu ni wọ́n ti ra súwíìṣì náà, ó pẹ́ kí ó tó dé, ẹnikẹ́ni kò sì pè mí. Kí ẹni tí ó bá ń lọ kọ nọ́ńbà ṣaasí (nọ́ńbà ìdánimọ̀) ọkọ̀ rẹ̀ dání, nítorí súwíìṣì ọkọ̀ kan kì í sábà bá òmíràn mu.