Aṣọ Ìbora Alábala tí Mo Ní Kí Wọ́n Fọwọ́ Gán fún Ọmọ-Ọmọ Mi ní Kubwa: Ohun tó Dára Níbẹ̀ àti Ohun tó Kù Díẹ̀ Káàtó

Nígbà tí àkọ́bí mi obìnrin sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé òun ti lóyún, àpótí aṣọ ìyá mi ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí. Ó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Kubwa, ní Àbújá, láti ìgbà tí ìyá ti papò dà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ méjì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìró àǹkárá mẹ́rin àti gèlè aṣọ òkè kan tí ìyá wé níjọ́ ìgbéyàwó mi. Wọ́n ti gbó lójú ìṣẹ́po, kò sì sí èyí tí a lè ró mọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fi wọ́n nu ilẹ̀. Mo wá pinnu pé kí wọ́n fi ibi tó ṣì dára lára wọn rán aṣọ ìbora fún ọmọ tó ń bọ̀, kí ọmọ náà lè fara kan aṣọ ìyá tó bí ìyá ìyá rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni a ti ń lo aṣọ náà báyìí, pẹ̀lú fìlà, súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ tí aránṣọ kan náà fi òwú hun. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an fún ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ-ọmọ, nítorí owó gidi ni iṣẹ́ náà ń náni, aṣọ tí a bá sì ti gé kò ṣeé dá padà sí odindi mọ́.

Irú aṣọ ìbora yìí ni àwọn aránṣọ Àbújá ń pè ní kúílìtì. Ìpele mẹ́ta ló ní: ojú rẹ̀ tí a fi ègé aṣọ oríṣiríṣi tò, òwú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní wádìn láàárín, àti aṣọ ìtẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gba inú ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá káàkiri. Bí a kò bá gán an bẹ́ẹ̀, ìfọ̀ méjì sí mẹ́ta péré ni yóò fi kó òwú inú rẹ̀ jọ sí igun kan, bí òwú inú ìrọ̀rí àtijọ́ tó ti gbó. Àwọn kan sọ fún mi pé àṣà òyìnbó ni mo ń kó wọlé, n kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wo ẹ̀kú eégún dáadáa ti rí bí a ṣe ń fi ègé aṣọ lé ègé aṣọ. Ní ilẹ̀ Haúsá náà, àwọn ẹlẹ́ṣin ogun ayé àtijọ́ máa ń fi aṣọ nípọn tí wọ́n ń pè ní lifidi bo ẹṣin wọn. Wọ́n á ki òwú sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ gán an kí ọfà má baà tètè wọlé. Oyè Sarkin Lifidi, ìyẹn olórí àwọn ẹlẹ́ṣin oní-lifidi, ṣì wà láwọn ààfin kan títí di òní.

Ìkómọ ọmọ aládùúgbò mi kan ni mo ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ arábìnrin tí mo gbé e fún. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ló ní ní Kubwa, òun àti ọmọ iṣẹ́ kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò. Nínú oṣù kẹwàá ni mo kó aṣọ lọ bá a. A fi ẹnu kò sí íǹṣì 36 ní ìbú àti íǹṣì 45 ní gígùn, ó sì gba ₦70,000, pẹ̀lú wádìn àti aṣọ ìtẹ́yìn funfun; ègé ojú aṣọ, tèmi ni. Àwọn ohun híhun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦18,000. Ó ní yóò parí kí ọdún Kérésì tó dé, mo sì san ìdajì owó.

Jos ni ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, níbi tí òtútù ọyẹ́ ti máa ń mú gan-an, nítorí ìlú náà ga ju mítà 1,200 lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kìíní ni ọmọ dé. Mo gba Keffi àti Akwanga lọ bá wọn wẹ ọmọ, ọwọ́ mi sì ṣófo. Ọjọ́ kẹjọ pé, a sọ ọmọ lórúkọ, bùláńkẹ́ẹ̀tì ọjà ni wọ́n fi gbé e jáde. Ó dùn mí gidigidi. Bí mo bá ń pe aránṣọ náà láti Jos, ohun tí ó máa ń sọ ni pé, “Màmá, ẹ ṣe sùúrù, iná ni kò sí.” Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe irọ́ ní Kubwa, ṣùgbọ́n apá ibi tí a ń fi ọwọ́ gán kò nílò iná, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òpin oṣù kìíní ni ẹrù náà tó bá mọ́tò dé páàkì Jos. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ẹ fún ọjọ́ ìkómọ, ẹ fún aránṣọ ní oṣù márùn-ún, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìbímọ dáadáa fún un.

Nígbà tí mo tú ọ̀rá kúrò lára aṣọ náà, ìbínú mi rọ̀. Ó ti fi ẹ̀rọ rán àwọn ègé pọ̀, kò sì fi èyí pamọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó fi gán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra láti òkè délẹ̀. Mo gbé rúlà lé e: ojú abẹ́rẹ́ méje tàbí mẹ́jọ ló wà nínú íǹṣì kan, bí mo sì ti ń sún rúlà náà lọ, iye yẹn kò yàtọ̀. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rí bíi tiwájú. Mo wá kókó òwú títí, n kò rí ọ̀kan. Nígbà tí mo padà sí Kubwa, mo bi í, ó sì mú abẹ́rẹ́, ó fi hàn mí. Ó ta kókó kékeré sí ìdí òwú, ó ki abẹ́rẹ́ bọ ojú aṣọ, ó wá rọra fà á títí kókó náà fi já wọ inú wádìn, ó sì dúró síbẹ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tí ọmọ lè fi èékánná fà yọ. Àdìrẹ tó ti fẹ́lẹ́ náà, ó ti fi aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ lẹ́yìn kí ó tó gé e, kí ó má baà ya lójú ìrán. Èmi kò ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí a ṣe é. Ẹni tó mọ iyì aṣọ àgbà ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún un títí di òní.

Ìfọ̀ àkọ́kọ́ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ni mo lò, síbẹ̀ nígbà tí mo sá a, aṣọ ìtẹ́yìn funfun náà ti di aláwọ̀ sánmà níbi gbogbo tí àdìrẹ dojú kọ. Aró ni ó ṣí. Aró ẹlú kì í wọnú òwú ṣinṣin bí àwọ̀ ilé-iṣẹ́. Ó máa ń jókòó sára òwú ni, èyí tó bá sì pọ̀ jù yóò máa bọ́ sínú omi tàbí sára ohun tó bá kàn án. Ẹni tó bá ti ra aṣọ níbi kòtò aró Kofar Mata ní Kano, níbi tí àkọlé ẹnu ọ̀nà ti sọ pé 1498 ni wọ́n dá a sílẹ̀, mọ bí aró tuntun ṣe máa ń kun ọwọ́ àti ọrùn ẹni. Ọdún gbọọrọ ni àdìrẹ ìyá mi ti lò, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ìyá ti tún un rẹ kí ó tó kó o pamọ́. Mo pe aránṣọ náà.

“Màmá, ẹ má bínú,” ó ní, “aṣọ yín ló ń ṣí, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi.”

“Ọmọ mi,” mo ní, “èmi kọ́ ni aránṣọ. Ìwọ ló yẹ kó bi mí bóyá mo ti fọ̀ ọ́.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbà pé òótọ́ ni. Ohun tó yẹ kí ó ṣe kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ: kí ó rẹ aṣọ funfun kékeré sínú omi, kí ó fi nu ojú àdìrẹ náà. Bí aṣọ funfun yẹn bá yí àwọ̀, kí ó dá àdìrẹ padà fún mi kí n máa fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́. Àǹkárá pàápàá yẹ ní fífọ̀ kí a tó gé e, nítorí aṣọ òwú máa ń sún kì, bí ègé kan bá sì sún kì ju èkejì lọ, ojú ìrán yóò hun jọ.

Àṣìṣe kejì, àwa méjèèjì la jọ ni ín. Gèlè aṣọ òkè ìyá mi ní ṣain-ṣain nínú, aránṣọ sì fi ègé rẹ̀ kan sí àárín gbùngbùn aṣọ ìbora nítorí ẹwà rẹ̀. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níjọ́ kẹta tí ọmọ dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, a rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan pọ́n, ó sì ti ha díẹ̀, bí ìgbà tí ẹní ha ni lára. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi náà kan aṣọ òkè yẹn, òwú dídán inú rẹ̀ sì gún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí a lè so kọ́ sára ògiri ni aṣọ òkè oníṣain-ṣain yẹ. Nígbà tí ọmọ mi gbé ọmọ náà wá kí mi ní Kubwa nínú oṣù kẹta, aránṣọ yọ ègé náà, ó fi àǹkárá rọ́pò rẹ̀, ó sì gán ibẹ̀ padà láìgba kọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. N kò lè mọ ibi tí ó ti tú u mọ́, àfi bí mo bá wá a.

Ìgbà yẹn náà ló kọ orúkọ ọmọ sí igun tí a fi sílẹ̀, nítorí a kì í kọ orúkọ ọmọ tí a kò tíì bí sára aṣọ. Ó kọ́kọ́ rán an láìsí àmì. Mo ní kí ó tú u, nítorí orúkọ ọmọ wa láìsí àmì abẹ́ ọ́ọ̀ rẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ni. Kókó òwú kékeré kan ló fi ṣe àmì náà, ó sì tún dára ju lẹ́tà yòókù lọ.

Àwọn ohun híhun kò tó aṣọ ìbora lọ́nàkọnà. Mo fi iná sí òwú tó kù lára ìbọ̀sẹ̀: ó yọ́, ó di kókó dúdú líle, ó sì rùn bí ọ̀rá tó ń jó. Òwú gidi ì bá jó di eérú, kí ó sì máa rùn bíi bébà. Ní Jos nínú ọyẹ́, súwẹ́tà náà wúlò. Ní Kubwa nínú oṣù kẹta, ìdajì wákàtí kò pé tí ooru fi sú sí ọmọ lọ́rùn àti láyà, a sì bọ́ ọ kíá. Fìlà náà ní bọ́tìnnì méjì tí ó fi ṣe ojú ẹranko. Mo gé wọn kúrò lọ́jọ́ kan náà, nítorí ẹnu ni ọmọ ń kó gbogbo nǹkan sí. Ìbọ̀sẹ̀ ni ó burú jù. Wọ́n hun ún ní yẹ́nyẹ̀nyẹ́, tó fi jẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há sínú ihò òwú, a kò sì mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún títí ìyá rẹ̀ fi bọ́ ọ. Ẹ má ra á, àfi bí ó bá hun ún pọ̀ dáadáa tàbí tí ó fi aṣọ tẹ́ ẹ nínú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọmọ náà ní Jos sọ fún ọmọ mi pé kí a má fi aṣọ ìbora náà sára ọmọ nígbà tí ó bá ń sùn, kí a má sì tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì sọ nínú ìlànà wọn ti 2022 náà nìyẹn: títí ọmọ yóò fi pé ọdún kan, ẹ̀yìn ni kí ó fi lélẹ̀, lórí ibùsùn tó le, tó sì tẹ́jú, láìsí ìrọ̀rí, láìsí kúílìtì, nítorí aṣọ lè bo imú rẹ̀. Mo ronú pé mo ti náwó lásán. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀sán ni aṣọ náà wúlò: a ń tẹ́ ẹ sórí táìsì tútù kí ọmọ lè dojú bolẹ̀ ṣeré nígbà tí a jókòó tì í, mo sì ń tẹ́ ẹ sórí itan mi bí mo bá gbé e. Orí ègé aṣọ wọ̀nyẹn ló ti kọ́kọ́ gbé orí sókè, orí wọn náà ló ti ń rá báyìí.

A ti fọ̀ ọ́ tó ìgbà ogún. Wádìn inú rẹ̀ kò sún kúrò níbi kan, kò sí ojú ìrán tó tú, ibòji ni a sì ń sá a sí. Bí mo bá fẹ́ díwọ̀n iṣẹ́ arábìnrin náà, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó owó tó gbà, ó tilẹ̀ jù ú lọ. Ìmọ̀ rẹ̀ nípa aró àti ìpamọ́ àdéhùn ni kò tíì tó. Nítorí náà mo tún ti padà lọ bá a, nítorí ìyàwó ọmọkùnrin mi náà yóò bímọ nínú oṣù kejì. Mo ti sọ fún un pé n kò fẹ́ ohun híhun, pé aṣọ ìtẹ́yìn aláwọ̀ aró ni mo fẹ́, àti pé inú oṣù kejìlá ni mo máa gba ẹrù mi. Àdìrẹ kejì nínú àpótí ìyá wà nínú bẹ́sìnnì lẹ́yìnkùlé mi láti ìjẹta. Omi karùn-ún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dà nù yìí, ó ṣì ní aró díẹ̀ nínú, kò sì tíì lè dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.