Oṣù mẹ́ta tí mo fi tún ìrìn kọ́

Ẹ̀gbẹ́ òsì mi ló rọ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù mí. Ọwọ́ ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ yarí. Ọmọ ìka ń wọ́ nílẹ̀, ni mo bá ń fi ìbàdí ju gbogbo ẹsẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lè kúrò lójú kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ sí ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìrìn.

Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń polówó: èyí tí wọ́n á fi okùn gbé èèyàn rọ̀, tí ilẹ̀ á máa yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ìṣubú kì í bà mí lórí rẹ̀, ìyẹn dáa. Àmọ́ nínú wákàtí kan, ìṣẹ́jú 20 là ń fi de okùn, tá a tún fi ń tú u. Ó dùn mí gan-an, torí ìrìn ni mo bá wá. Wọ́n ti fi èèyàn 408 dán irú ẹ̀rọ yìí wò ní Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2011: àwọn tó lò ó ò rìn dáa ju àwọn tí wọ́n ń bá ṣe eré ìdárayá nílé lọ. Kò yà mí lẹ́nu.

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú mi gan-an ló ṣiṣẹ́. Á kúnlẹ̀ síwájú mi, á fi àtẹ́lẹwọ́ ti orúnkún mi kó má baà yẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ gbé ara lé òsì. Ẹ má sá fún un." A ó tún un ṣe, a ó tún un ṣe, títí òógùn á fi bò wá. Mo rò pé ẹ̀gbẹ́ tó rọ ló yẹ kí ọ̀pá wà. Òun ló ní ọwọ́ ọ̀tún tó le ni kí n fi dì í mú. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó le ló ń kọ́kọ́ gòkè, èyí tó rọ ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́run á bá mi san án lẹ́san.

Ike tí wọ́n ní kí n máa wọ̀ sínú bàtà kó lè gbé ọrùn ẹsẹ̀ dúró bó mi lára. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó tún un ṣe. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú àáyá 48 ni mo fi rin mítà 10. Lọ́jọ́ tí mo parí, 21 ni.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ bi wọ́n léèrè iye ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ máa fi rìn ní ti gidi, kẹ́ ẹ sì gba ìwé eré ìdárayá tẹ́ ẹ máa ṣe nílé. Àràárọ̀ ni mo ṣì ń ṣe tèmi: mo ń dìde lórí àga, mo ń jókòó padà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, láìfọwọ́ ti nǹkan kan.