Wíwo Hong Kong Sevens láti Ìlọrin: ohun tó dára níbẹ̀, ohun tó ń fúnni ní wàhálà, àti ìtàn tó yẹ kéèyàn mọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn rọ́gíbì ẹlẹ́ni-méje, Hong Kong Sevens, ìdíje tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní Hong Kong, ni kó kọ́kọ́ wò. Kì í ṣe òun ló dàgbà jù. Melrose, ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1883, nígbà tí alápatà kan tó ń jẹ́ Ned Haig dá a lábàá pé kí wọ́n dín iye agbábọ́ọ̀lù kù, kí ìdíje odindi lè parí lọ́jọ́ kan, kí owó sì wọlé fún ẹgbẹ́ wọn. Àmọ́ Hong Kong ló sọ ọ́ di eré gbogbo ayé. Láti Tankè, ní Ìlọrin níbí, ni mo ti ń wò ó, nígbà míì lórí dìkódà, nígbà míì lórí fóònù.

Aago ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn yanjú. Hong Kong fi wákàtí méje ṣíwájú wa. Wọn kì í yí aago padà láàárín ọdún, àwa náà kì í yí i, nítorí náà ìṣirò kan ṣoṣo ló wà: yọ méje. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé wọn, aago mẹ́ta òru ni lọ́dọ̀ wa. Àṣekágbá máa ń bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè lọ́hùn-ún, ó sì já sí ọ̀sán níbí, kí bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ọjọ́ 28 sí 30 oṣù Kẹta ni wọ́n ṣe é: ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ wà nínú Ààwẹ̀, àṣekágbá bọ́ sí ọjọ́ Ìtunu Ààwẹ̀ gan-an. Ẹni tó jí sààrì lọ́jọ́ Sátidé yẹn lè wo eré títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹni tó sì lọ sí Yídì lọ́jọ́ kejì ṣì lè padà wá bá àṣekágbá.

Iná ló tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú méje ni ìlàjì eré kan, ìsinmi ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú méje mìíràn, ó parí. Tí iná bá lọ, kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀, kí dìkódà tó gbéra padà, ìlàjì kan ti lọ nìyẹn. Ohun tó dára jù ni kí tẹlifíṣọ̀n àti dìkódà ti wà lórí ínfátà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n oní-ínṣì 32 àti dìkódà kì í sábà ju 70W lọ lápapọ̀. Bátìrì olómi kan tó jẹ́ 12V, 100Ah, tí ẹ bá lo ìdajì agbára rẹ̀ péré kó má baà tètè kú, á gbé wọn fún nǹkan bíi wákàtí méje. Fáànù ni kẹ́ ẹ má fi kún un, torí òun ló ń jẹ bátìrì.

Oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin sì ni àkọ́rọ̀ òjò Ìlọrin ń dé pẹ̀lú ìjì. Ìjì á yẹ díìṣì kúrò níbi tó dojú kọ díẹ̀, àwòrán á máa já. Ẹ di bóòtì ìdí díìṣì le lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì wo ẹnu wáyà tó wọ orí díìṣì; bí ó bá ti dípẹtà, ẹ gé e kẹ́ ẹ fi tuntun sí i. Díìṣì 90cm máa ń fara da òjò ju 60cm lọ. Nígbà tí òjò bá nípọn gan-an, kò sí ọgbọ́n kankan, ẹ dúró kó dá.

Lórí fóònù, àwòrán 480p máa ń jẹ nǹkan bíi 500MB sí 700MB ní wákàtí kan; 720p máa ń ju 1GB lọ. Mi ò gbà pé ó yẹ kéèyàn lọ sísàlẹ̀ 480p, torí kámẹ́rà máa ń jìnnà kó lè mú gbogbo pápá, bọ́ọ̀lù á sì pòórá lójú yín nígbà tí wọ́n bá ń jù ú láti ọwọ́ sí ọwọ́. Ti íntánẹ́ẹ̀tì tún máa ń pẹ́ lẹ́yìn ti dìkódà ní ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àkókò yẹn ẹnìkan ti sáré láti ìpẹ̀kun pápá kan dé èkejì. Ẹ pa ohùn WhatsApp, kí àwọn tó ń wo ti dìkódà má baà sọ ọ́ fún yín ṣáájú.

Ìtàn rẹ̀ wá ńkọ́? Ní 1975 ni Tokkie Smith, alága ẹgbẹ́ rọ́gíbì Hong Kong, àti Ian Gow ti ilé-iṣẹ́ sìgá Rothmans jọ gbìmọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹta 1976, ẹgbẹ́ 12 pàdé ní pápá Hong Kong Football Club. Cantabrians láti Niu Sílándì ló gba ife, 24 sí 8, lọ́wọ́ Wallaroos ti Ọsirélíà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú òde òní wo àmì yẹn: 4 ni tíráì kan (kéèyàn gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà alátakò, kó fi kan ilẹ̀) ń mú wá nígbà náà; 1992 ló di 5.

Àwọn tí wọ́n pè ló mú ìdíje yìí yàtọ̀. Ní àkókò tí rọ́gíbì jẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá díẹ̀, Hong Kong ránṣẹ́ sí Fíjì, Tóńgà, Sri Lanka, Malaysia, Kòríà àti Jàpáánì. Fíjì gba ife ní 1977, ó tún gbà á ní 1978. Ẹ rò ó wò: gbogbo ará Fíjì kò tó ìdajì iye èèyàn tí wọ́n kà ní Kwara nínú ìkànìyàn 2006. Síbẹ̀ àwọn ló gba ife náà jù lọ, wọ́n sì gbà á léraléra láti 2015 dé 2019. Nígbà tí wọ́n ṣe Ife Àgbáyé ẹlẹ́ni-méje ní Hong Kong ní 1997, wọ́n na Gúúsù Áfíríkà 24 sí 21. Nígbà tí Ife Àgbáyé náà tún wá sí Hong Kong ní 2005, wọ́n na Niu Sílándì 29 sí 19. Waisale Serevi, ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù Fíjì, wà nínú ẹgbẹ́ wọn nígbà méjèèjì. Jonah Lomu ti Niu Sílándì náà, kí ayé tó mọ̀ ọ́n, Hong Kong ló ti kọ́kọ́ yọ ní 1994, ọmọ ọdún 18 ni.

Fún àwa ará Áfíríkà, àṣekágbá 2018 ni kẹ́ ẹ wá fídíò rẹ̀. Kẹ́ńyà dé ibẹ̀, Fíjì ló borí, 24 sí 12. Kò sí ìdíje ní 2020 àti 2021 nítorí kòrónà. Oṣù Kọkànlá 2022 ni wọ́n tó padà. Ní 2025, wọ́n fi Hong Kong Stadium tó ń gba 40,000 sílẹ̀, wọ́n kó lọ sí Kai Tak, ibi tí pápákọ̀ òfurufú wà títí di 1998. Ti tuntun yìí ń gba 50,000, ó sì ní òrùlé tó ń ṣí tó ń pa dé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n: tí wọ́n bá pa òrùlé dé, bọ́ọ̀lù ò tutù, kò sì já bọ́ lọ́wọ́ wọn bíi tàtijọ́. Ajẹntínà ló gba ti ọkùnrin lọ́dún náà.

Ohun kan wà tí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan máa ń ṣì lóye: ẹgbẹ́ tó gba tíráì wọlé ló tún ń gbá bọ́ọ̀lù láti àárín. Nítorí náà wọn kì í gbá a jìnnà. Wọ́n á gbá a sókè, kó balẹ̀ ní bíi mítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹni wọn tó ga lè fò gbà á padà. Ẹgbẹ́ tó bá mọ èyí ṣe lè gba tíráì mẹ́ta léra kí alátakò tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Káàdì yẹ́lò náà kì í ṣe eré: ìṣẹ́jú méjì lóde nínú mẹ́rìnlá, lórí pápá tó tóbi bíi ti ẹlẹ́ni-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èèyàn mẹ́fà ò lè bo ilẹ̀ yẹn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ti dín àwọn ẹgbẹ́ kù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ ọkùnrin 24 ló ń wá sí Hong Kong, nígbà tí àwọn ìdíje yòókù ń gba 16. Ní 2025, 12 péré ni, Hong Kong fúnra rẹ̀ ò sì sí lára wọn. Wọ́n ti fún àwọn obìnrin ní 12 tiwọn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, eré wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n ìdíje tí Sri Lanka àti Malaysia ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti tì wọ́n síta, mo sì ka èyí sí àdánù tó tóbi ju ẹwà pápá tuntun lọ.

Kẹ́ ẹ má dúró de àṣekágbá nìkan. Ìsọ̀rí mẹ́ta ló wà ní 2025, ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin; méjì-méjì ló tẹ̀ síwájú, pẹ̀lú méjì tó dára jù nínú àwọn tó ṣe ipò kẹta. Ìyàtọ̀ àmì lè pinnu ipò kẹta yẹn, nítorí náà ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń nà gan-an á ṣì máa wá tíráì kan sí i títí fèrè ìkẹyìn. Eré ìkẹyìn nínú ìsọ̀rí ni mo fẹ́ràn jù, pàápàá tí Kẹ́ńyà bá wà níbẹ̀. Bí àtòjọ eré bá ti jáde, ẹ wá orúkọ wọn, ẹ yọ wákàtí méje, kẹ́ ẹ sì ti ṣètò àláàmù kẹ́ ẹ tó sùn.